Ọjọ́ Ìpẹja ní Etí Adágún Nígbà Ìrúwé

Nígbà tí oṣù March bá ń lọ sí òpin ní Ìlú Ọba, tí ewé titun ń yọ lórí àwọn igi tí ó ti wà ní ìhòòhò láti oṣù November, ọkàn gbogbo ènìyàn a máa fà sí ìta. Àwọn ìdílé wa tí ó tẹ̀dó sí Leicester, sí Peterborough, sí London àti sí ìlú mìíràn gbogbo níbẹ̀ kò yàtọ̀ nínú èyí. Àwọn ọmọ tí òtútù ti sé mọ́ inú ilé fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún a máa bèèrè ibi tí a ó mú wọn lọ. Bàbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru a sì máa wá ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí ojú rẹ̀ nígbà tí oorun kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè ṣe, tí ó yẹ ọmọlúàbí, tí tọmọdé tàgbà sì lè pín nínú rẹ̀, ni kí wọ́n lọ fi ìwọ̀ pẹja ní etí adágún omi. Nípa ètò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí a ti ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ omi àti ẹja kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, àti pé kò sí ohun tí òyìnbó tún lè kọ́ wa nípa rẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, lọ sí Ẹ̀pẹ́, tàbí sí Badagry, ìwọ yóò rí ọmọ tí ó ń wa ọkọ̀ ojú omi kí ó tó lè ka ení, èjì dé ogún. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, bàbá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ wo ìgèrè tí wọ́n dẹ sínú omi ní àná. Ẹni tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní í fi omi ṣeré, omi kò sì ní í bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà tí ó mọ̀ yẹn, omi tí oòrùn ń yá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ ni. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius sún mọ́ 30 ju bí ó ti sún mọ́ 20 lọ. Omi adágún ní Ìlú Ọba ní oṣù April a máa wà ní nǹkan bí 10, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó mú wa kọ̀wé. Bí a bá gbé ọgbọ́n omi ilé lọ sí ibẹ̀ láìgba ọgbọ́n mìíràn kún un, ọjọ́ ayọ̀ lè di ọjọ́ ẹkún kí ọ̀sán tó pọ́n. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ó sọ ni a ó ṣe kí a tó jáde nílé rárá.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú adágún kan tí a lè dárúkọ. Rutland Water ni, ní ìpínlẹ̀ Rutland, lẹ́bàá ìlú Oakham. Kì í ṣe adágún tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1970 ni wọ́n fi amọ̀ mọ odi ńlá kan dí àfonífojì odò Gwash ní ẹ̀gbẹ́ abúlé Empingham, wọ́n sì fa omi láti inú odò Welland àti odò Nene wá kún un, kí àwọn ìlú agbègbè náà lè rí omi mu. Ilẹ̀ tí omi náà bò lé ní 3,000 eékà, kò sì sí adágún àtọwọ́dá mìíràn tí ó fẹ̀ tó o ní ilẹ̀ England.

Abúlé kan tí à ń pè ní Nether Hambleton wà nínú àfonífojì náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó o kí omi tó dé. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn Matteu Mímọ́ tí ó wà ní Normanton bọ́ lọ́wọ́ ìparun. Wọ́n ti mú ìyàsímímọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 1970, ìbá sì ti bá omi lọ, bí kò ṣe pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà. Wọ́n fi òkúta àti kọnkéré dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé ilẹ̀ inú rẹ̀ sókè, wọ́n sì la ọ̀nà tóóró kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Títí di òní ó dúró létí omi bí ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ sì wà ní abẹ́ ibi tí omi dé. Àwọn ọmọ yóò bèèrè ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe nínú omi; ó dára kí bàbá tí ó mú wọn lọ ti mọ ìdáhùn.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ó kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Idì-ẹja, ẹyẹ ńlá tí ń já láti òkè sínú omi tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbé ẹja, ti parẹ́ kúrò ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ England fún ohun tí ó ju 150 ọdún lọ. Ní 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Rutland Water láti Scotland. Ní 2001 ni tọkọtaya kan sì kọ́kọ́ bímọ níbẹ̀. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kì í dúró de òtútù. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ti dé, wọ́n a fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀ Sahara, ìrìn tí ó tó 3,000 máìlì, lọ sí etí omi Senegal àti Gambia, wọ́n a sì tún padà bí oṣù March ti ń parí lọ. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá dúró ní etí Rutland Water ní oṣù April pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́, apẹja kan lè wà lókè orí rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa dé, tí kò san owó ọkọ̀, tí kò sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ènìyàn kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ tí àwọn ará wa kan ń bèèrè pé, “Ta ni ó ni ẹja inú omi?” Ní ilẹ̀ England, ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìwé méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni láísẹ́ǹsì ọ̀pá ìwọ̀ tí ìjọba ń fúnni láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Environment Agency. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò nílò rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 dé 16 gbọ́dọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n láti 2017 kò san owó kankan fún un. Àgbàlagbà san owó tirẹ̀. Ẹni tí a bá bá létí omi pẹ̀lú ìwọ̀ láìní ìwé yìí, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn tí ó tó £2,500 lé e. Ìwé kejì ni tíkẹ́ẹ̀tì tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni omi, èyí tí ó ń sọ ọjọ́, iye ọ̀pá, àti iye ẹja tí a lè gbé lọ sílé. Ọ̀kan kò rọ́pò èkejì. Bàbá tí ó ní láísẹ́ǹsì ìjọba tí kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì dàbí ẹni tí ó ní ìwé ọkọ̀ wíwà tí ó wá wọ mọ́tò ẹlòmíràn tí ó sì wà á lọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1968 lórí olè jíjà ní apá tirẹ̀ tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹja pípa nínú omi onílé. A kò rò pé ó yẹ kí orúkọ ìdílé Kristian kan di ohun tí a ń kà jáde ní kóòtù nítorí ẹja tí ọjà kún fún.

Ní ti dídá ẹja padà sínú omi, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le fún àwọn ìyá wa láti gbà. Ìyá àgbà kan tí ó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti ilé yóò wo òyìnbó tí ó fi wákàtí mẹ́ta wá ẹja kan, tí ó mú un, tí ó yà á ní fọ́tò, tí ó sì jù ú sílẹ̀, yóò sì bèèrè pé, “Ọmọ mi, ara ọkùnrin yìí ha dá bí?” Ara rẹ̀ dá. Ọ̀pọ̀ adágún kéékèèké ní ilẹ̀ náà ni ó wà tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti bọ́ gbogbo ẹni tí ó ń san owó wá síbẹ̀. Bí olúkúlùkù bá gbé tirẹ̀ lọ, kò ní í sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò mú ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè fara da èyí, kí ó wá irú omi tí ó gba ènìyàn láàyè láti gbé ẹja lọ, bí Rutland Water, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹja trout sínú omi fún ìdí yìí. Ṣùgbọ́n kí ó ka ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wí, kí ó sì dúró níbi tí iye náà dúró sí. Bí ẹja kan bá sì ní láti padà, a fi omi tútù tu ọwọ́ wa lára kí a tó dì í mú, nítorí ọwọ́ gbígbẹ a máa ha yọ̀ǹyọ̀ǹ tí ó bo ara rẹ̀, àìsàn a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀gún kékeré tí ó wà ní ẹnu ìwọ̀, kí a ti fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ilé. Èyí dára fún ẹja, ó sì tún dára fún etí ọmọ tí ó dúró nítòsí.

Nígbà wo ni kí a lọ? Àwa yàn ọjọ́ Sátidé kan láti àárín oṣù April sí àárín oṣù May. Ọjọ́ Ìsinmi kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òǹkàwé wa mọ ìdí rẹ̀. Ajé Àjíǹde dára, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó wà lójú ọ̀nà ní ọjọ́ náà. Ó yẹ kí a rántí, síbẹ̀, pé ìgbà ìrúwé ni Peteru àti àwọn mẹ́fà mìíràn lọ pẹja lẹ́yìn Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní orí tí ó kẹ́yìn nínú Ìhìn Rere Johanu. Òkun ni a ń pe Galili nínú Bíbélì wa, ṣùgbọ́n adágún omi tí kò ní iyọ̀ ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 13 lọ. Gbogbo òru ni wọ́n fi ṣe làálàá láìrí nǹkan, àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti kékeré. Kí bàbá tí ó padà sílé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo má ṣe jẹ́ kí ojú tì í jù.

Ẹja tí a ń lépa, oríṣi méjì ni. Trout aláwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Trout olóṣùmàrè, ará ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n kó wá sí England ní bí 1880 sí 1890. Nígbà òtútù, ara wọn a máa wúwo, wọn kì í sì í jẹun púpọ̀. Bí omi ti ń yá díẹ̀díẹ̀ ni ebi ń wọ inú wọn. Ní ìsàlẹ̀ adágún, nínú ẹrẹ̀, ni ọmọ kòkòrò kantíkantí ń gbé, pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó kéré, ó sì tínrín. Ìgbà ìrúwé ni ó ń yí ara padà, tí ó ń rọra gòkè wá sí ojú omi láti yọ ìyẹ́ kí ó sì fò lọ. Ní ìrìn àjò yìí kò ní ohun ìjà kankan, kò sì lè sáré. Ẹja a kàn máa la ẹnu. Ìdí nìyí tí apẹja trout ní irú omi bẹ́ẹ̀ kò fi ń lo ekòló. Ó ń fi òwú àti ìyẹ́ ẹyẹ wé ìwọ̀ kékeré kan kí ó lè jọ kantíkantí, ó ń jù ú jìnnà, ó sì ń fà á padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń fa okùn lára ọmọ tí ó sùn. Ẹni tí ó bá ń yára kò ní í rí nǹkan kan. Nítorí pé ooru ni ẹja ń retí, kò sí ìdí tí a ó fi jí ìdílé ní agogo mẹ́rin òru gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo mẹ́ta ọ̀sán ní àkókò yìí ni ó sábà dára jù.

Èyí bọ́ sí i fún àwọn ọmọ, ó sì bọ́ sí i fún ẹni tí ó wa ọkọ̀. A ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan gbangba níhìn-ín. Bàbá tí ó ti ibi iṣẹ́ òru dé ní agogo méje òwúrọ̀ Sátidé kò gbọdọ̀ di ìdí ọkọ̀ mú ní agogo mẹ́jọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó gba ìsinmi ní òru Fráídé, tàbí kí ìyá wa ọkọ̀, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin: Oakham ní ibùdó rélùwéè ní ojú ọ̀nà Leicester sí Peterborough. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, kí wọ́n sún un síwájú. Adágún náà kò lọ sí ibì kan.

Nísinsin yìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ láti òwúrọ̀. Ní oṣù April, oòrùn lè mú ara yá tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ yóò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ jù sílẹ̀. Omi kò tíì gbọ́ ìròyìn oòrùn náà. Omi a máa gba ooru pẹ́, pàápàá omi tí ó jìn. Òtútù oṣù February ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí òdòdó ti bo gbogbo etí rẹ̀. Ọmọ tí ó yọ̀ ṣubú, tàbí bàbá tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ẹja tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fò lórí òkúta, kì í kọ́kọ́ rì. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé, bí omi tí kò tó ìwọ̀n 15 ti bo ara rẹ̀ lójijì, ara náà yóò mí kanlẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, omi ni yóò fà sínú. Lẹ́yìn náà yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, kò sì ní í lè dá a dúró. Òmùwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ jọ ń rí èyí bákan náà. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wí pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ, nítorí òun ni kì í bẹ̀rù. Bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ nínú omi náà, apá àti ẹsẹ̀ a kọ iṣẹ́, bí ó ti wù kí ó lágbára tó.

Ṣùgbọ́n ìjayà àkọ́kọ́ yẹn kì í pẹ́: láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ó ń rọlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn tí ń gba ẹ̀mí là lójú omi ní Ìlú Ọba ń kọ́ ènìyàn kì í ṣe pé kí ó lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí ó má ṣe jà. Kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí omi bo etí rẹ̀, kí ojú àti ẹnu rẹ̀ wà lókè, kí ó máa rọra fi ọwọ́ gbọ̀n omi títí èémí rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó kígbe tàbí kí ó wá ọ̀nà sí èbúté. Kí òbí kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èyí nílé, lórí ẹní, kí ó mú un dùbúlẹ̀ kí ó sì ṣe é títí yóò fi mọ́ ọn lára. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó tún ṣe é nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, pẹ̀lú olùkọ́. Ó dùn wá pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń dàgbà ní ìlú ńlá wọ̀nyẹn kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wọn mìíràn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tijú láti bẹ̀rẹ̀ ní ogójì ọdún. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé. Olúkúlùkù ẹni tí ó bá wọ inú ọkọ̀ kékeré ni yóò wọ̀ ọ́, àti bàbá pẹ̀lú, ọmọdé yóò sì wọ̀ ọ́ ní èbúté náà. Kí ó jẹ́ ìwọ̀n ọmọ náà gan-an, kì í ṣe èyí tí yóò “dàgbà sínú rẹ̀” gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra bàtà Kérésìmesì. Ẹ̀wù tí ó tóbi jù yóò fò kọjá orí rẹ̀, yóò sì fi í sílẹ̀ nínú omi. Kí a so okùn tí ń gba àárín itan kọjá. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń fi afẹ́fẹ́ kún ara rẹ̀, kí a wò ó nílé bóyá ìgò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn wọ inú omi pẹ̀lú bàtà gígùn tí ó dé àyà nígbà tí ọmọ wà ní ìtọ́jú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú omi, ìfẹ́ yóò sọ fún bàbá pé kí ó bẹ́ sínú omi tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti sin ẹni méjì nítorí èyí. Kí ó kígbe sí ẹni tí ó wà nínú omi pé kí ó léfòó, kí ẹlòmíràn pe 999, kí ó sì béèrè àwọn panápaná, nítorí àwọn ni ó ní ohun èlò ìgbàlà fún omi àárín ilẹ̀. Kí ó dùbúlẹ̀ fi àyà rẹ̀ lélẹ̀ ní etí omi, kí ó sì na ọ̀pá, ìró, tàbí okùn sí i. Bí kò bá tó, kí ó ju ohun tí ó lè léfòó sí i, ìbá ṣe jálá ike òfìfo tí a dé lẹ́nu. Àwa ìbá fẹ́ kí okùn tí ó gùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán wà nínú ẹrù gbogbo ìdílé tí ó ń lọ sí etí omi, ṣáájú ọ̀pá ìwọ̀ pàápàá.

Ohun èlò ìyókù kò ní pẹ́ wa. Ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó fún àgbàlagbà. Kí ọmọdé lo èyí tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò kọ́ wa ní bí a ti ń ju okùn, nítorí wákàtí kan lọ́dọ̀ olùkọ́ sàn ju odidi ọjọ́ kan tí a fi ń tú ìwọ̀ kúrò lára igi. Bí a bá ń so kókó okùn, kí a fi itọ́ tu ú kí a tó fà á le: okùn gbígbẹ a máa gbóná bí ó ti ń ha ara rẹ̀, yóò sì já nígbà tí ẹja ńlá bá dé. Kí gbogbo ènìyàn dé fìlà tàbí àkẹtẹ̀, kí wọ́n sì wọ awò ojú, ìbá ṣe èyí tí kò ní àwọ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju ìwọ̀, kí ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa fẹ́ láti apá òsì rẹ̀. Bí ó bá ti ọ̀tún wá, yóò gbé ìwọ̀ náà wá bá ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò pẹja, ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni ipò wọn, kì í ṣe ẹ̀yìn bàbá wọn.

Ọ̀pá kékeré kan tún wà tí apẹja òyìnbó ń gbé sínú àpò rẹ̀, tí ó fi ń lu ẹja lórí lẹ́ẹ̀kan kí ó lè kú kíá láìjoró. Àlùfáà ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà ní èdè wọn, nítorí pé òun ni ó ń ṣe ìsìn ìkẹyìn fún ẹja. A fi èyí sílẹ̀ fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa láti dáhùn. Dájúdájú, onísìn kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ náà: Izaak Walton, tí ó kọ ìwé tí ó lókìkí jù nípa ìwọ̀ jíjù, èyí tí ó jáde ní 1653, ni ó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé John Donne àti George Herbert, àwọn àlùfáà méjì tí ó jẹ́ akéwì. Inú kàtídírà Winchester ni wọ́n sin ín sí.

Ìyá ilé mọ ohun tí a ó jẹ ju àwa lọ. Kìkì pé kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹja tí a kò tíì mú. Mọ́ínmọ́ín tí ó gbóná nínú aṣọ nínípọn, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú abọ́ tí ń pa ooru mọ́, àti tíì tí ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ: ẹni tí ó dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn fún wákàtí mẹ́rin kì í jẹun díẹ̀. Kí aṣọ gbígbẹ kan wà fún olúkúlùkù ọmọ nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí ó dúró nínú ọkọ̀, kí a má sì fi ọwọ́ kàn án àfi bí ìdí bá wà.

Bí a bá délé, iṣẹ́ kan wà ṣáájú oúnjẹ. Ní 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ rí edé apànìyàn-ẹlẹgbẹ́ kan ní Grafham Water, tí kò jìnnà sí Rutland, èyí tí ó ti ìlà-oòrùn Europe wá. Ó kéré bí èékánná, ó ń pa kòkòrò omi tí ó bá bá níbẹ̀ láìjẹ wọ́n tán, ó sì lè wà láàyè fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ìdì àwọ̀n tútù. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wo àwọ̀n àti bàtà fínnífínní, kí wọ́n gbọn ewé omi kúrò, kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì sá wọn títí yóò fi gbẹ dé inú ojú rírán. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn iṣẹ́ yìí bí a bá sọ fún wọn pé ọ̀tá ni wọ́n ń wá.

Ẹran ara trout rọ̀, kì í ṣe bí àrọ̀ tí ó lè fara da iná. Ẹni tí ó bá fẹ́ sè é ní ọbẹ̀ ata, kí ó jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin àti iyọ̀ ti hó dáadáa nínú omi wọn kí ó tó ki ẹja bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Kí ó má ṣe fi ṣíbí rò ó, kí ó di etí ìkòkò mú kí ó mì ín. Ní ti ẹni tí yóò jẹ orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn, a kò ní í dá sí i.